Àpérò wa ti ń sún mọ́lé: tí wàhálà bá dé lójijì níwájú èrò, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àpérò ọlọ́jọ́ méjì fún ẹgbẹ́ wa. Nǹkan bí 200 èèyàn ló máa wà ní gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn á sì máa wò ó láti òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò ti wà nílẹ̀, àwọn olùbánisọ̀rọ̀ náà sì ti fèsì. Ohun tí kò sí nínú ètò ni kò jẹ́ kí n sùn: iná lè lọ, olùbánisọ̀rọ̀ lè má dé, máíkì lè dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Màmá_Gbọ̀ngàn

Àbúrò mi, o kú ìnáwó ọkàn. Kí o tó ronú kan iná tàbí máíkì, yan ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti yí ètò padà lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ni mo wí o, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Mo wà níbi àpérò kan tí olùbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì dé. Alága ní ká dúró dè é, akápò ní ká máa bá ètò lọ, atọ́kùn wà lórí pèpéle, ó ń wojú àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bá èrò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa wọlé, àga tó ṣófo ti pọ̀. Ó dùn mí, torí pé kì í ṣe pípẹ́ rẹ̀ ló lé àwọn èèyàn lọ. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè ni. Ẹni tó o bá yàn, má fún un níṣẹ́ mìíràn. Kó má darí ìjókòó, kó má gba àlejò, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ ibi tó jókòó sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tètè máa sọ òótọ́ fún èrò, kí ẹ sì dá aago lé e: "Iná ti lọ, a ń tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká padà jókòó ní aago 10:40." Tí 10:40 bá kò, tí iná ò tíì dé, ẹ padà wá dá aago mìíràn. Àforíjì ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ẹ lè máa sáré lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àmọ́ kí ara atọ́kùn balẹ̀.

Ní ọdún 2010, nígbà tí Steve Jobs, ọ̀gá iléeṣẹ́ Apple nígbà náà, ń fi fóònù iPhone 4 han èrò ní San Francisco, íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ fún un lórí pèpéle. Ó sọ ohun tó fà á fún wọn: ẹ̀rọ Wi-Fi tó lé ní 500 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ó wá ní kí wọ́n pa tiwọn. Ẹ wò ó, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì fún wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà láé kí kọ̀ǹpútà tó ń gbé àpérò lọ sókè òkun wà lórí Wi-Fi. Wáyà ni kí ẹ fà sí i.

Ní ti olùbánisọ̀rọ̀ tí kò dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ní April 2010, eérú òkè ayọnáyèéfín kan ní Iceland ló dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní ibi púpọ̀ ní Yúróòpù fún nǹkan bí ọjọ́ 6. Gba sáláìdì gbogbo wọn sílẹ̀ ní PDF ṣáájú. Ìjíròrò ẹlẹ́ni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo máa ń fi dí àlàfo, torí pé bí ẹnì kan ò bá sí, àwọn yòókù á ṣe é. Wá àwọn tó máa sùn nítòsí gbọ̀ngàn lóru tó ṣáájú, kí o sì ti sọ fún wọn pé o lè pè wọ́n síwájú.

Onímáíkì

Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ti Màmá o. Kí n fi ti ẹ̀rọ kún un. Ìgbà ìsinmi ni kí ẹ máa pààrọ̀ bátìrì máíkì, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Kí máíkì oníwáyà kan sì wà lórí pèpéle nígbà gbogbo. Bí ariwo bá ń han gooro létí yín, ẹ wò ó, ẹnì kan ti gbé máíkì kọjá síwájú sípíkà.

Projector tó ń lo gílóòbù máa ń fẹ́ kó tutù kó tó tún tàn bí iná bá já lórí rẹ̀. Ẹ má máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ léraléra. Tó bá jẹ́ UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ) kan ṣoṣo lẹ ní, projector àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, ọ̀gá Onímáíkì. Alága ti gbà kí igbákejì òun jẹ́ ẹni tó máa pàṣẹ. Ó ku méjì: ti àwọn ará òkèèrè, àti bí àìsàn bá kọ lu ẹnì kan nínú èrò ńkọ́?

Màmá_Gbọ̀ngàn

Ìgbà wo ni àpérò náà? Bó bá bọ́ sí oṣù March, ṣọ́ra. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú March ni Amẹ́ríkà ń ti aago síwájú, Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ni ti Yúróòpù. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí 4 ló wà láàárín New York àti London dípò 5. Kọ aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, mọ́ ti àdúgbò yín nínú ìwé ìpè.

Ti àìsàn, dá ìjókòó dúró lójú ẹsẹ̀, àní bí ẹni ńlá ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan á pe àwọn adóòlà ẹ̀mí, ẹnì kan á lọ dúró lẹ́nu géètì láti mú wọn wọlé, ẹnì kẹta á pa kámẹ́rà kí àwọn tó ń wò láti òkèèrè má rí aláìsàn. Béèrè lọ́wọ́ onígbọ̀ngàn bóyá wọ́n ní AED, ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí. Tí wọ́n bá ní in, ní kí wọ́n mú ọ dé ibi tó wà, kí o rí i pé yàrá náà kì í wà ní títì.