Ta ló ti ya Africatown rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ayàwòrán_Atlanta: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya àwòrán ní Africatown, àdúgbò táwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Mobile, Alabama, báwo ló ṣe rí? Mò ń ya ilé onípákó kan ní Plateau níbẹ̀, àwọn táńkì epo ràgàjì sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà mi ní òun ò fẹ́ rí táńkì.

Bọ̀dá Houston: Má yọ ọ́ o.

Ìyá Ìbejì: Ta ló ń sanwó? Yọ ọ́ jàre 😂

Àgbà Ọ̀jẹ̀: Ẹ fi ti owó sílẹ̀ ná. Èmi dé ibẹ̀ kí ilé iṣẹ́ bébà ńlá tó wà níbẹ̀ tó tilẹ̀kùn ní 2000. Òórùn ẹyin tó ti dìbàjẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé mi, imí ọjọ́ ni, bó ṣe máa ń rí níbi tí wọ́n bá ti ń se igi di bébà nìyẹn. Mo kun ojú ọ̀run tán, ọ̀dà ò tíì gbẹ, eérú ti bà lé e. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó tún dọ̀tí sí i. Ìyá kan tó ń ká aṣọ lórí okùn bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ní kí n lo funfun ládùúgbò yìí. Àwòrán náà wà nílé mi títí dòní, teérúteérú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ wá, sà!

Ọmọ Kétu: Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Yorùbá ni Cudjo Lewis tí ère rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Kossola ni wọ́n ń pè é nílé. Ogun Dàhòmì kó o, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ ẹrú Clotilda gbé e dé ní 1860. Láti 1808 lòfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀!

Bọ̀dá Houston: Ẹ tún ti gbé Yorùbá dé. Ṣé gbogbo èrò ọkọ̀ yẹn ni Yorùbá ni?

Ọmọ Kétu: Ta ló ní gbogbo wọn? Kossola ni mo pè.

Bọ̀dá Houston: Ó dáa. Èyí tó ń dùn mí ni pé ìdílé Meaher, tó rán ọkọ̀ yẹn níṣẹ́, náà ló tún fi ilẹ̀ háyà fún ilé iṣẹ́ bébà.

Ìyá Ìbejì: Háà! Àwọn náà?

Aláwọ̀_Omi: Itẹ́ òkú lèmi yà. Ìlà oòrùn làwọn sàréè kọjú sí, ìhà Áfíríkà. Tírélà ń kọjá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìlà ò gún.

Ìyá Ìbejì: Tírélà àbí ẹ̀rù òkú?

Aláwọ̀_Omi: Tírélà ni o! Ẹ̀fọn Alabama nìkan ló bà mí lẹ́rù.