Windows tí wọ́n pa tì: ìdí tí mo fi yan "àpatì"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Èpé gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n béèrè pé kí ni ká máa pe Windows (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tí Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe é, ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ tí àwọn èèyàn ṣì ń fi gbá géèmù. Wọ́n dábàá "ètò olóògbé". Ẹlòmíì ní "ètò aláìlátìlẹ́yìn". Àbúrò wa kan ní "ọmọ òrukàn" ló bá a mu jù. Inú mi dùn pé a ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà, torí ó ti kan gbogbo ilé báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe sí Windows 10 dópin, Windows 10 yìí náà ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mò ń rí ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá yàn, òun ni ìyá kan máa fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí á lè jáde lẹ́nu ìyá náà wẹ́rẹ́.

Lórí "ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà" tí a ti ń lò fún irú ohun tí Windows jẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó dáa nínú ìwé. Lẹ́nu, Windows ni wọ́n ń pè é, tàbí kí àwọn ọmọ kàn sọ pé "XP", "Seven", "Ten", ìyẹn orúkọ oríṣi Windows kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

"Olóògbé" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ẹni tó bá kú là ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì kú, ọ̀rọ̀ ti tán láàárín òun àti oníṣègùn. Ẹ wá wo Windows XP. Ọdún 2001 ló jáde. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Microsoft ní àwọn ò ní ṣe àtúnṣe sí i mọ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Microsoft kan náà yìí ló padà gbé àtúnṣe jáde fún XP, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde pé ó tán. Ta ní ń fún òkú lóògùn? Bí XP bá ti di olóògbé lọ́dún 2014, kí ni wọ́n wá wò sàn lọ́dún 2017? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ti kẹ̀yìn sí nǹkan rẹ̀ bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì tún kẹ̀yìn sí i. A ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀.

"Òrukàn" náà ò lè ṣe é. Òbí òrukàn ti kú. Microsoft wà láàyè, Windows 11 ló ń tọ́jú lọ́wọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà láyé tí kò bojú wò ó, Yorùbá ò pè é lórukàn, wọ́n ní wọ́n pa á tì.

Ní ti "aláìlátìlẹ́yìn", mo mọ ibi tó ti wá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "unsupported", ni wọ́n gbé wọ aṣọ Yorùbá. Àtìlẹ́yìn jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń ṣe fún èèyàn: nígbà ìbò, nígbà ìnáwó, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ "aláìlátìlẹ́yìn", olóṣèlú tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní mọ̀ láéláé pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà là ń sọ.

Ibi tó yẹ ká ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnu àwọn tó ń lo nǹkan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà, kọ̀ǹpútà dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ti yọ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé fáànù kékeré kan dojú kọ inú rẹ̀ kó má baà gbóná jù. XP ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n lẹ bébà mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ géèmù méjì, "PES 2013" àti "San Andreas", sí i. Ihò tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti fi téèpù dí i pa. Ọmọkùnrin kan mú fláàṣì wá: "Brọ̀dá, ṣé ó máa gbé eléyìí?" Brọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó. "Kò lè gbé e. DirectX ẹ̀ ò dé bẹ̀." Ẹnìkan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan wá ń ráhùn nípa láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, pé Steam, ètò tí wọ́n fi ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì fi ń ṣí i, ò ṣí lórí ẹ̀ mọ́. Brọ̀dá dá a lóhùn láì gbójú sókè: "Ó gbé géèmù yẹn dáadáa. Steam ló kọ̀ ọ́. Wọ́n ti pa Seven tì."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló lò: gbé, kọ̀, pa tì. Kò sí èyí tó lè rọ́pò ìkejì, àwa tá a jókòó ti ìwé atúmọ̀ sì ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú "àtìlẹ́yìn" kan ṣoṣo.

"Gbé" jẹ́ ọ̀rọ̀ agbára. Nǹkan náà ni agbára rẹ̀ ò tó, kò sẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan kan. Windows XP ò kọjá DirectX 9, ìyẹn àwọn irinṣẹ́ tí géèmù fi ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. San Andreas tó dé orí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2005, DirectX 9 ló ń lò, ìdí nìyẹn tí XP fi gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Géèmù tó bá ń béèrè DirectX 11, Windows 7 ló bá a dé. Èyí tó bá ń béèrè 12, Windows 10 ló bá a dé, lọ́dún 2015. Àtúnṣe yòówù kí Microsoft máa ṣe sí XP títí di òní, bí wọn ò bá fún un ní DirectX tuntun, kò ní gbé e. Àìlágbára yàtọ̀ sí ìpatì.

"Kọ̀" ló gba àlàyé jù, torí pé ìta ni ìkọ̀ ti ń wá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Steam jáwọ́ nínú XP àti Vista, Windows tó tẹ̀lé XP. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ló kan Windows 7, 8 àti 8.1. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé inú Steam fúnra rẹ̀ ni ẹ̀yà kan lára Chrome, ètò tí Google ṣe fún wíwo íntánẹ́ẹ̀tì, wà, ẹ̀yà yìí ò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Windows àtijọ́. Chrome 109, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ni èyí tó kẹ́yìn fún Seven. Nǹkan kan ò yí padà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn. Géèmù tó fowó rà ṣì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ṣì lágbára láti gbé e. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé sí géèmù náà ni wọ́n tì. Pípe irú nǹkan báyìí ní "kò gbé e" ń di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà tí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtumọ̀ tí a máa ń ṣe nìyẹn: ó ń fi ẹni tó ṣe nǹkan pa mọ́.

Ìkọ̀ sì máa ń ti ọ̀dọ̀ tuntun wá bá àtijọ́ náà. Ọ̀pọ̀ géèmù orí CD láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ní kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SafeDisc, tó máa ń yẹ CD wò bóyá ojúlówó ni. Windows 10 yọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ń lò kúrò, nítorí pé ó léwu. Béèyàn bá ti ki CD bẹ́ẹ̀ sínú Windows 10, géèmù ò ní ṣí. XP gbà á láì janpata. Nítorí náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dúró sórí XP ni, kì í ṣe pé wọn ò rówó ra tuntun. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa yàn ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gàn ru irú èèyàn bẹ́ẹ̀. "Olóògbé" ń gbé e rù ú. "Ẹ̀rọ àtijọ́" náà fẹ́ẹ̀ gbé e.

Ó wá ku "pa tì". Ẹni kan kọ̀wé pé ohun tí a gbọ́ mọ́ "àpatì" lórí rédíò ni iṣẹ́ àkànṣe tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, bẹ́ẹ̀ Windows 7 ti parí kí wọ́n tó pa á tì. Àríwísí gidi nìyí, mo sì ti rò ó dáadáa. Èsì mi ni pé rédíò ló fún ọ̀rọ̀ náà láyè kékeré. Wọ́n ń pa ìyàwó tì, wọ́n ń pa àgbàlagbà tì, wọ́n ń pa oko tó ti so tì. Kò sí àìparí nínú ìwọ̀nyí. Ẹ wo irú ilé tó wà lójú ọ̀nà Èbúté níbí: onílé ti kó lọ síbòmíì, ẹlòmíì ṣì ń gbé inú rẹ̀. Òrùlé ṣì wà, ilẹ̀kùn ṣì ń tì. Àmọ́ tí ìjì bá ṣí páànù kan, kò sẹ́ni tó máa wá kàn án. Windows tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ihò tí ọlọ́ṣà bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, á wà bẹ́ẹ̀ ni.

Àǹfààní míì tó wà nínú "pa tì" ni pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè fi àkókò sí nínú. Ìpatì Windows 7 ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oṣù kìíní ọdún 2015 ni wọ́n ṣíwọ́ fífi nǹkan tuntun kún un. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ààbò tó jẹ́ ọ̀fẹ́ parí. Àwọn iléeṣẹ́ tó sanwó ṣì ń gba àtúnṣe títí di oṣù kìíní ọdún 2023. Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu tiwa, "wọ́n ti ń pa á tì" ló máa bo ọdún 2015 sí 2020, "wọ́n ti pa á tì" ló máa bo ìyókù fún èmi àti ẹ̀yin tí kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Ó tún rọrùn fún Windows 10 báyìí: wọ́n ti pa á tì, àmọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ṣì lè gba àtúnṣe ààbò fún ọdún kan sí i, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ń ká mi lára. Windows 7 wà lára àwọn tí Microsoft ṣe ojú Yorùbá fún, tí èèyàn lè fi sí i kí àwọn ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà di ti wa. Àwọn ọmọ Yorùbá jókòó, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìpatì Seven pa ojú Yorùbá tó wà lórí rẹ̀ náà tì pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó ṣa àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ fún wa láti yẹ̀ wò.

Àbá mi rèé. Ká máa sọ pé "Windows àpatì" fún irú èyí; ká máa pe ọjọ́ tí àtúnṣe ọ̀fẹ́ bá parí ní "ọjọ́ ìpatì"; ká sì fi "gbé" àti "kọ̀" sílẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn. Ìyá tí mo sọ níṣàájú á lè béèrè pé, "Ṣé wọn ò tíì pa á tì? Tí wọ́n bá ti pa á tì, ṣé Eleven máa gbà á àbí ó máa kọ̀ ọ́?" Ìbéèrè gidi ni, torí pé Windows 11 ń béèrè èròjà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò sì ní in. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé àpatì ni, á mọ̀ pé géèmù lòun fẹ́ rà á fún, pé kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì lórí rẹ̀, pé ohun tó dáa jù ni kó má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti ẹni tó fi téèpù dí ihò yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń rú mi lójú ni "kọ̀" àti "ò gbà á". Ní Ìkòròdú, mò ń gbọ́ méjèèjì. "Kọ̀" ló wù mí, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan ló pinnu. Ẹ̀yin tó wà ní Èpé àti Àgbádárìgì, èwo lẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbá géèmù lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ odindi gbólóhùn tí wọ́n ti lò ó ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́.