Níbo la ti lè yá ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì n'Ìbàdàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Táǹkì ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ kan wà ní ilé iṣẹ́ kan l'Olúyọ̀lé, ó jìn tó mítà 4, wọ́n sì fẹ́ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní tí àtùpà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ò bá ti kú, kò séwu. Irọ́ ni! Àtùpà ò mọ hydrogen sulphide (gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́), ó sì lè ṣáná sí methane (gáàsì tó ń gbiná). Òórùn yẹn gan-an ò ṣeé gbára lé: tí hydrogen sulphide bá pọ̀, imú ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn (kò gbọdọ̀ dín sí 19.5%), hydrogen sulphide, carbon monoxide (gáàsì olóró tí kò lóòórùn) àti gáàsì tó ń gbiná pa pọ̀ la ń wá. Ta ló ń yáni, tó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń kà dáadáa? Okùn la máa fi sọ ọ́ kalẹ̀, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà á wà láyà òṣìṣẹ́, torí bí ṣọ́bìrì bá ṣe ń rú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni gáàsì tuntun ń jáde. A tún nílò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní wíǹṣì, tí a ó fi máa fa òṣìṣẹ́ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíì wọlé. Ẹni tó bẹ́ wọlé láti yọ ẹnìkejì ló sábà ń di òkú kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, lábẹ́ òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010, ta ló yẹ kó dá owó lórí àwọn òṣìṣẹ́ yìí fún NSITF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú náà): ilé iṣẹ́ ni àbí agbaṣẹ́ṣe?