Ẹ gbà mí o, wọ́n ní òtútù àyà ló ń ṣe ọmọ mi

Ìyá Ẹniọlá, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, orí mi fẹ́ dàrú. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti wà ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí ọmọ mi nímú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń jágbe mọ́ mi bíi pé mo jí ọmọ gbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá lánàá, kò mú omi lásán dání, ó ní èmi ni mo fẹ́ fi gàrí yíyan pa ọmọ àbúrò òun. Gàrí yẹn náà la fi ń sanwó ilé o! Mo fẹ́ gbé e lọ sílé lọ́la, kí n máa fi òrí àti àdín pa á láyà.

Bàbá Ìpẹru: Má gbé e o! Bàbá mi, ẹni ọdún 71, àgbo la ń fún wọn fún ọjọ́ márùn-ún, a rò pé ibà ni. Ìgbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, èékánná wọn ti dà bí aṣọ aró. Mo ṣì ń rí èékánná yẹn.

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ìyá òde òní, ẹ óò tẹ́ ọmọ sórí sìmẹ́ńtì. Òtútù ilẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ má bínú mà, kòkòrò àrùn ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í ṣe ilẹ̀. Èéfín igi máa ń dá kún un lóòótọ́. Ìyá Ẹniọlá, ọmọ oṣù mélòó ni? Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ pé?

Àdùkẹ́: Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́.

Ìyá Ẹniọlá: Mi ò gbé ọmọ sídìí iná rí. Oṣù 7 ni. Ti ọ̀sẹ̀ 6 ló gbà, ìkejì bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni PCV, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò kan tó sábà ń fa òtútù àyà, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wọn ní 2000, àwọn ọmọ tí òtútù àyà ń gbé dé ọsibítù dín kù gan-an. Ti àwọn arúgbó náà dín kù, torí ọmọdé ló sábà ń kó kòkòrò yẹn ràn wọ́n. Ẹ má yọ ọmọ kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ìyá Ẹniọlá: Arúgbó kẹ̀? Yàrá kan náà ni ọmọ mi àti ìyá ọkọ mi ń sùn. Láti ìjẹta ni Màmá ò ti jẹun, wọ́n kàn ń sùn. Lánàá wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú pè mí. Mo ní ọjọ́ orí ni, wọ́n ti pé 76. Ara wọn ò gbóná, wọn ò wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Òtútù àyà lè mú àgbàlagbà láìsí ibà, láìsí ikọ́. Àìjẹun, oorun àti ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé Màmá wá nísinsìnyí!

Àdùkẹ́: Pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ yẹn. Ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá Ẹniọlá: Mo ti pè é, ó ń sunkún lórí fóònù. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n rí. Ṣé kí wọ́n dùbúlẹ̀ ni àbí kí wọ́n jókòó?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Kí wọ́n jókòó. Kí ẹnì kan gbé wọn mọ́ àyà.