Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ pọ̀, báwo ni mo ṣe máa gba inú wọn dé ìdí iṣẹ́ ìwádìí UX?

Ọmọ Ìbàdàn (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo júbà. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, ìdí iṣẹ́ customer care ni mo sì wà láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ igbe àwọn tí áàpù ń dà láàmú. Owó ti kúrò, kò dé ibi tó ń lọ. Ẹnì kan tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ rí ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. A máa bẹ̀ wọ́n, a máa kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ló rú wọn lójú gan-an. Ìdí tí iṣẹ́ ìwádìí UX, ìyẹn wíwádìí bí áàpù ṣe ń rọrùn tàbí nira fún ẹni tó ń lò ó, fi wù mí nìyẹn.

Mo ti gba ìwé ẹ̀rí UX ti Google lórí Coursera. Wọ́n wá ní kí n wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo wọ ti WhatsApp, mo wọ ti Telegram, mo wọ Slack tí àwọn òyìnbó pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àfi bí ẹni tó lọ sọ́jà tí kò rà tí kò tà. Mo gbé CV mi síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá kan ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ tọ́ mi sọ́nà, wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́.

Báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rọ́wọ́ mú ṣe gba inú ẹgbẹ́ rí iṣẹ́? Ṣé kí n lọ fowó sí bootcamp, ẹ̀kọ́ṣẹ́ oníkíákíá yẹn, ni? Àti pé wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ní portfolio, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí mo ti ṣe. Níbo ni mo ti fẹ́ rí iṣẹ́ tí mo máa kó sínú rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì gbà mí síṣẹ́?

Bọ̀dá Yábàá

Àbúrò, yé gbé CV sínú ẹgbẹ́. Gbogbo wa là ń gbé e, kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Ẹni tí wọ́n ti rí ọwọ́ rẹ̀ lára iṣẹ́ ni wọ́n máa ń dárúkọ nígbà tí àyè bá ṣí.

Àǹtí Ìwádìí

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Bọ̀dá, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: báwo ni wọ́n ṣe máa rí ọwọ́ rẹ̀?

Apá kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kì í wu èèyàn púpọ̀ láti ṣe. Òun ni wíwá àwọn tí a máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, pípè wọ́n kí wọ́n má bàa gbàgbé, àti jíjókòó ti ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ láti máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ẹni tó ń béèrè kò lè máa kọ̀wé kó tún máa wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àyè wà. Tí o bá rí i nínú ẹgbẹ́ pé ẹnì kan ń wá àwọn oníṣòwò tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, má kàn kọ "interested" kí o máa lọ. Kọ ọ́ pé: mo mọ àwọn alátà ní Bódìjà, Yorùbá dá mi lẹ́nu, mo lè bá yín kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí èmi ṣe wọlé nìyẹn. Ọ̀gá kan ń wá ẹni tó máa ṣe ògbufọ̀ fún un, èmi ni mo dáhùn. Nígbà tí àyè wá ṣí níbi iṣẹ́ wọn, kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bóyá mo mọ iṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ kan, kí o má bàa rò pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni. Màmá kan tó ń ta tòmátì la gbé áàpù tuntun fún. Gbogbo ohun tí a bi wọ́n, "ó dáa, ọmọ mi, ó dáa gan-an" ni wọ́n ń sọ. Ká ní ìyẹn nìkan ni mo kọ sílẹ̀ ni, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, áàpù dáa! Ṣùgbọ́n oníbàárà kan dé, ó ra apẹ̀rẹ̀ kan, ó fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù rẹ̀ sí màmá pé "ó ti lọ". Màmá ò tiẹ̀ wo ojú fóònù yẹn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ fa apẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ra, wọ́n pe ọmọ wọn nílé pé ṣé àlátì ti wọlé. Ìgbà tí ọmọ sọ pé ó ti wọlé ni wọ́n tó yọ̀ǹda ọjà. Àmì aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé owó ti lọ, èyí tí àwọn tó ṣe áàpù náà fi ń yangàn, kò já mọ́ nǹkan kan lójú màmá, torí àlátì ayédèrú ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ará ìsọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ kò tó ìlà kan nínú ìwé mi. Ohun tí wọ́n fẹsẹ̀ ṣe ló gba ojú ewé tó kù.

Ní ti àwọn ọ̀gá tó dákẹ́, "ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà" kò lórí, kò nídìí. Ta ló fẹ́ tẹ́wọ́ gba ẹrù tí kò mọ ibi tó ń gbé e lọ? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n lè dáhùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí àpẹẹrẹ: "Mo kọ àwọn ìbéèrè yìí fún àwọn oní-POS, ẹ bá mi wò ó, ṣé ìkẹta kò ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu báyìí?" Mo lè búra pé wọ́n á dáhùn. Àwa olùṣèwádìí ò lè rí ìbéèrè tó wọ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gidi

Ẹ má bínú o, àǹtí. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí la máa ń ní kó wá bá wa kọ nǹkan sílẹ̀, a ò sì ní í dárúkọ owó. Ilé iṣẹ́ tó lè fún ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní owó káàdì, ṣé kò lè fún ẹni tó jókòó kọ̀wé láti àárọ̀ dalẹ́ ní owó ọkọ̀ ni? Ọmọ olówó nìkan ló lè máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ káàkiri.

Àǹtí Ìwádìí

Mi ò jiyàn. Tó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń kọ́ṣẹ́ ló fẹ́ ràn lọ́wọ́, kò burú. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, kí wọ́n sanwó. Kó sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní kíkọ pé òun lè sọ fáráyé pé òun wà níbi iṣẹ́ náà, kódà bí wọn ò bá fẹ́ kó sọ àbájáde rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú àsọyé, ẹ̀yin èèyàn mi. Níbí ní UK, ìjọba fúnra rẹ̀ ń gba olùṣèwádìí síṣẹ́. Ọdún 2011 ni wọ́n dá Government Digital Service sílẹ̀, ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti kó bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí sínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń pè ní Service Manual lórí GOV.UK. Ọ̀fẹ́ ni: bí a ṣe ń wá èèyàn, bí a ṣe ń gba àṣẹ lẹ́nu wọn, bí a ṣe ń bá àwọn abirùn ṣiṣẹ́ láì da iṣẹ́ rú. Èmi tí mo fowó gidi kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ṣì máa ń padà sí.

Ní ti ẹgbẹ́, UXPA ti wà láti 1991 (Usability Professionals' Association ló ń jẹ́ kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní 2012), ó sì ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Èyí tí mo rò pé ó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù ni ResearchOps, tí Kate Towsey dá sílẹ̀ ní 2018. Ohun tí Àǹtí ní kì í wu èèyàn láti ṣe yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ níbẹ̀: ibi tí a ti ń rí èèyàn, ìwé àṣẹ, ibi tí a ń tọ́jú ohùn àti fídíò sí. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa fún yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ sí ADPList lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń fi àkókò wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé iṣẹ́ kan dání lọ o. Ẹ má lọ jókòó kẹ́ ẹ máa wo ara yín.

Nǹkan kan tún wà. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Kọkànlá ni World Usability Day, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń rọrùn láti lò, wọ́n ti ń ṣe é láti 2005. Ẹ ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti pe èèyàn díẹ̀ jọ n'Ìbàdàn. Ẹni tó ṣètò ìpàdé, gbogbo èèyàn ló máa mọ orúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bọ̀dá Yábàá

Ní ti bootcamp, tí owó náà kò bá ní í dùn ọ́, lọ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ á yá a ni, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ti Google tó o gbà ti tó fún ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ portfolio ló yẹ kó gbà ọ́ lákòókò. Gbé USSD, kóòdù báńkì tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láìlo áàpù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n fi iye orí session kan, ìyẹn ìgbà kan tí èèyàn bá lò ó, sí ₦6.98. Tó bá já kí èèyàn tó parí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wá àwọn tí kò lo áàpù, kí wọ́n fi owó kékeré ránṣẹ́ lójú rẹ, kí o sì dákẹ́. Níbo ni wọ́n ti ń dúró? Ta ni wọ́n ń na fóònù sí pé kó bá àwọn kà á? Má bi wọ́n pé "ṣé ẹ máa lò ó tí a bá ṣe é báyìí?" Gbogbo ayé ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bi wọ́n nípa ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Èèyàn márùn-ún ti tó, Nielsen, onímọ̀ ọ̀rọ̀ ìlò ẹ̀rọ, ti sọ ọ́.

Ọmọ Oníṣirò

Bọ̀dá, ẹ fẹ̀sọ̀ pẹ̀lú márùn-ún yẹn. Ohun tí Jakob Nielsen kọ ní 2000 ni pé èèyàn márùn-ún lè fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro tó wà nínú ohun tí a ń dán wò hàn. Ìṣirò yẹn dúró lórí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bá nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro náà pàdé, ó sì jẹ́ fún àwọn tó jọra. Tí alátà àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá ń lo ohun kan náà, ìsọ̀rí méjì nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé "èèyàn mélòó n'Ìbàdàn ló ń lo USSD" lẹ fẹ́ mọ̀, márùn-ún ò wúlò rárá. Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú portfolio láì ṣàlàyé, ibẹ̀ ni wọ́n máa dì yín mú nígbà íńtáfíù.

Bọ̀dá Yábàá

Mo gbà. Oníṣirò kì í jẹ́ ká gbádùn.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò ní í rí àánú tì. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí àwọn ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ẹ̀sùn tí mo ti kọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ńkọ́? Tí mo bá yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò, ṣé mo lè kó o sínú portfolio?

Ọ̀rọ̀ Gidi

Rárá o. Àwọn oníbàárà ò sọ ọ́ torí portfolio yín, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yín ni wọ́n sì fi í sí. Ìjọba ti fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ní 2023, yíyọ orúkọ nìkan ò sì tó, torí ọjọ́, iye owó àti ẹ̀ka báńkì lè tú èèyàn síta. Ẹ lè sọ pé ohun tí ẹ ń gbọ́ níbi iṣẹ́ ló mú yín ronú nípa USSD. Kó parí síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ bá ọ̀gá yín kó fọwọ́ sí i.

Àǹtí Ìwádìí

Mo fara mọ́ ọn. Nígbà tí o bá sì lọ bá àwọn tìrẹ, gba àṣẹ lẹ́nu wọn ní èdè tó yé wọn. Èyí ni mo máa ń sọ: "Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ lórí bí a ṣe ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń dán wò. Mo fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀, èmi nìkan ni mo máa gbọ́ ọ, mi ò ní í dárúkọ yín. Ẹ má jẹ́ kí n rí nọ́ńbà àṣírí yín. Ìgbàkígbà tó bá sú yín, ẹ ní ká dúró." Tí PIN bá sì kàn, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n rí i pé o yíjú.

Ọmọ Ìbàdàn

Mo ti dà á kọ. Ṣé kí n sọ ọ́ kí n tó tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ni, àbí lẹ́yìn tó bá ti ń gbà á?

Àǹtí Ìwádìí

Sọ ọ́ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá gbà, tẹ̀ ẹ́, kí o tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìdáhùn wọn lè wà nínú ohùn náà.