Ìfàgùn kọ́ o: lórí zijn àti -t inú bent

Ẹ kú àkókò yìí, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ inú ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé lánàá nípa zijn, ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn ará Nẹ́dálándì tó ń ṣiṣẹ́ ‘jẹ́’, ‘ni’ àti ‘wà’ pọ̀. Wọ́n ní ká máa pe bó ṣe ń yí tẹ̀ lé olùwà ní ‘ìfàgùn-ìṣe’, pé ben ni wọ́n fa -t mọ́ tó fi di bent, àti pé -t yẹn ni àmì ‘ìwọ’. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Kí ni wọ́n fà gùn nínú ik ben (‘mo jẹ́’), hij is (‘ó jẹ́’), wij zijn (‘a jẹ́’)? Tó bá ti di ti àtẹ̀yìnwá, ik was ni, wij waren, ik ben geweest. Gbòǹgbò mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀. Ben bá be àwọn Gẹ̀ẹ́sì tan. Is àti zijn jẹ́ ọmọ ìyá. Was, waren, geweest àti wees tí wọ́n fi ń pàṣẹ wá láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí ‘gbé ibìkan’. Eégún aláré tó di erè, tó tún di ọ̀nì lójú agbo, ta ló ní ó gùn sí i? Ìparadà lèmi ń pè é.

Ti -t yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Du ni ‘ìwọ’ wọn láyé àtijọ́. ‘Ẹ̀yin’ ni gij. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gij bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo, bí a ṣe ń fi ‘ẹ’ bá àgbà sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ náà títí dé orí ọmọdé, du bá kú. Ọmọ ìyá gij yìí ni jij, ‘ìwọ’ tòní, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù kan ṣì ń sọ pé gij zijt dòní. -t ti ‘ẹ̀yin’ ni wọ́n wá so mọ́ ben! Bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ dúró: jij bent (‘ìwọ jẹ́’), ṣùgbọ́n tó bá di ìbéèrè, ben jij? -t sá bí ‘ó’ tiwa ṣe ń sá fún ‘kò’: ó lọ, kò lọ.

Ẹnìkan tún ní Yorùbá náà ń paradà torí ‘rà’ ń di ‘ra’ nínú ‘ra aṣọ’. Àbọ̀, ìyẹn ‘aṣọ’, ló fa ìyẹn. Mo ra aṣọ, wọ́n ra aṣọ, kí ló yí? Olùwà ló ń yí lọ́dọ̀ tiwa: mo lọ, n kò lọ.

Àbúrò tó ní inú ‘wà’ wa ni was ti jáde, s dà? S yẹn náà ló di r nínú waren. Karl Verner, ará Denmark, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1877, pé ibi tí ìtẹnumọ́ bọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ láyé àtijọ́ ló fà á. Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ní vasati, ‘ó ń gbé’. Ṣé àwa la fún àwọn ará Íńdíà náà ni? Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà á ti ní kó dìde dúró.

Ẹni tó sì ní inú ìwé nìkan ni mo ti gbọ́ Dutch, èdè Nẹ́dálándì yìí, mo ń fi í ná ẹja ní ọjà ìlú Den Haag níbẹ̀. Ti àmì àárín (-) inú ‘ọ̀rọ̀-ìṣe’ tí wọ́n tún gbé dìde pé kí n yọ kúrò, n kò ní yọ ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.