Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbà á sí ọ̀mì. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Àkàbà, Kétu: Ẹ kú ojúmọ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àjàṣẹ́ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 3 fún ìṣísẹ̀ kan. Òǹkà tiwọn, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ta tó, jẹ́ 1900, tèmi 1450. Mi ò na wọ́n rí. Orí zémidjan (ọ̀kadà akérò) ni wọ́n ti máa ń ta tiwọn, láàárín èrò méjì. Èmi á tẹ́ pátákó sílẹ̀ nílé, mà á wò ó di alẹ́. Ní báyìí, ọba mi wà ní e6 (òpó e, ìlà kẹfà), ọmọ ogun mi kan ṣoṣo wà ní e5. Ọba wọn nìkan ló kù, ní e8. Èmi ló kàn. Lánàá ni wọ́n ní ká gbà á sí ọ̀mì, wọ́n tún fi ohùn ránṣẹ́: ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń bá mi ta á? Ó dùn mí. Àwọn ló sì san owó ilé ìwé mi. Ṣé kí n gbà?

Ará Ṣábẹ̀ẹ́: Gba kí ni? Ọba tó bá ti wà níwájú ọmọ ogun rẹ̀ ní ìlà kẹfà ti yege, ẹni yòówù kó kàn, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ogun etí pátákó. Ọ̀ta ń tọrọ ọ̀mì lọ́wọ́ òpè!

Ìyá Ìbejì: Ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nínú eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Lichess gbà kéèyàn wo ìwé fún ìbẹ̀rẹ̀ eré. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba ẹnu ẹlòmíì. ICCF, àjọ àgbáyé fún ṣẹ́ẹ̀sì ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ló gba ẹ̀rọ láàyè.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́: Ohun tó wà nínú ìwé ni mo sọ, mi ò dárúkọ ibi tí ọba máa lọ. Ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n pé bí òǹkà bá fi 400 jura wọn, ẹni ẹ̀yìn ṣì ń rí nǹkan bí ààmì 1 nínú 11. Ṣé ẹ̀rọ ló ń fún gbogbo wọn ni?

Bàbá Ìpobẹ́: Ayò ni mo mọ̀ ní tèmi. Nídìí ọpọ́n, àbúrò á bú ẹ̀gbọ́n, á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó tán tí wọ́n bá dìde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ yanjú. Pè wọ́n, má kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀mì tó o bá fún wọn láìjẹ́ pé o sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ̀rí-ọkàn ló ń dà ọ́ láàmú.

Ọmọ Àkàbà, Kétu: Ẹ ṣeun. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹṣin táwọn sọ nù lójú ọ̀nà lóṣù tó kọjá ló ṣì ń bí àwọn nínú. Wọ́n ní kí n ta á tán, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣì í ta pẹ́nrẹ́n, gbogbo Àjàṣẹ́ ló máa gbọ́.